Jọ́ọ̀gì Tó Ń Pòwe: Lámèyítọ́ Lórí Ohun Èlò Tábìlì Kan Láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Dé Kumasi

Iṣẹ́ ọnà tó bá ti lanu sọ̀rọ̀ kò tún lè bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ojú lásán wo òun. Jọ́ọ̀gì idẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní Asante Ewer, èyí tó ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1896, ti sọ̀rọ̀. Òwe méjì ni àwọn tó rọ ọ́ kọ yí i lára ká ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ní nǹkan bí 1390 sí 1400. Ojú méjì ni a ó sì fi wò ó níhìn-ín: ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, àti ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ akéwì. Lójú àkọ́kọ́, iṣẹ́ dáadáa tó ní àléébù ni. Lójú kejì, ó ta ọ̀pọ̀ fàdákà olówó ńlá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland yọ, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn fàdákà àtijọ́ lè béèrè pé kí ló dé tí a fi bẹ̀rẹ̀ lórí idẹ. Fàdákà ni owó láyé ọjọ́un. Nígbà tí ogun bá dé, àwo orí tábìlì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé sínú iná. Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1643, Ọba Charles Kìíní gba àwo fàdákà lọ́wọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Oxford, ó sì yọ́ wọn láti fi rọ owó tó ná lórí ọmọ ogun. Irú nǹkan báyìí ló fà á tí ohun èlò fàdákà tó ṣẹ́ kù láti ayé Richard Kejì, tó jọba láti 1377 sí 1399, kò fi tó nǹkan. Idẹ náà kò bọ́ pátápátá, torí àgbá ogun àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń jẹ ẹ́. Jọ́ọ̀gì mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ máa ń dárúkọ pọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí: eléyìí, èyí tó ń jẹ́ Robinson ní Victoria and Albert Museum, àti èyí tó ń jẹ́ Wenlok ní ìlú Luton, tí olè gbé lọ ní 12 oṣù karùn-ún 2012 kí wọ́n tó rí i gbà padà nínú ọdún kan náà. Èyí tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni eléyìí, tí àwọn Àṣáńtì ti Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana òde òní, tọ́jú kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ti ìrísí, ọwọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló ṣe é. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 62 pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Lára ìdérí náà ni kìnnìún àti àgbọ̀nrín tó dùbúlẹ̀ wà, àgbọ̀nrín yìí ló sì jẹ́ kí wọ́n so iṣẹ́ náà mọ́ Richard Kejì, nítorí pé òun ni àmì tí ọba náà yàn fún ara rẹ̀. Níwájú ni àmì oyè ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, tí kìnnìún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti òdòdó lílì ilẹ̀ Faransé jọ pín asà kan, tí adé sì wà lókè. Àwọn ẹyẹ tó na ìyẹ́ apá wà nínú òbìrí lára rẹ̀. Ohun tí a yìn jù níbẹ̀ ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Oníṣẹ́ náà kò da ọ̀ṣọ́ bo gbogbo ara jọ́ọ̀gì. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín àmì ọba àti ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi lè kúrò lórí asà kí ó bọ́ sórí lẹ́tà láìkọsẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ náà tóbi, ó yọ síta, ó sì dúró ṣinṣin, irú lẹ́tà tí àwọn tí ń rọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì máa ń lò nígbà náà.

Àléébù rẹ̀ wà nínú ìwọ̀n. Jọ́ọ̀gì yìí wúwo ju kìlógírámù 18 lọ kí ẹnikẹ́ni tó da ohunkóhun sí i. Ohun èlò tábìlì ni, iṣẹ́ ohun èlò tábìlì sì ni kí ọwọ́ lè gbé e, kí ó lè da ohun mímu sínú ife láìfọ́n ọn sí àlejò lára. Bí wáìnì bá kún inú èyí, ọkùnrin kan kò lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dà á. A mọ̀ pé wọ́n lè sọ pé ọlá ọba ni wọ́n fẹ́ fi hàn, pé ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ ló wà láàfin. Ìyẹn kò mú ẹjọ́ náà kúrò, torí ohun tó bá fẹ́ jẹ́ ọlá nìkan kò nílò ẹnu àti ọwọ́ ìdìmú. Àwọn òǹrọ-idẹ Ifẹ̀, tí a hú orí tí wọ́n rọ jáde ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ní 1938, ti mọ bí a ṣe ń rọ ọ́ kí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ kí ó sì jọ ènìyàn, ní nǹkan bí sànmánì kan náà tàbí ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ Ifẹ̀ kò ní pe sísanra ní ọgbọ́n. A kò sọ èyí láti fi tàbùkù ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n kan náà ló yẹ kí a fi wọn àwọn méjèèjì.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ga jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Òwe àkọ́kọ́ ní kí ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ nígbà tó lè fi pamọ́ má retí pé òun yóò rí ná nígbà tó bá wù ú láti ná. Èkejì ní kí a máa ro rere sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń kọni lóminú, títí a ó fi dán òtítọ́ wò tí yóò sì jáde. Ní ti ìhun, àkọ́kọ́ pín sí apá méjì tó ṣe rẹ́gí: fífi pamọ́ dojú kọ níná, àyè dojú kọ ìfẹ́ inú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìró kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe méjèèjì, èyí ni kò fi ṣòro láti há sórí. Èkejì ní ìró ìparí tó bá ara mu ní ojú ibi tí ìdajì àkọ́kọ́ ti dúró àti ibi tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé etí ni yóò gbé òwe náà lọ sílé, kì í ṣe ojú.

Síbẹ̀ a kò fi àwọn méjèèjì sí ipò kan náà. Òwe àkọ́kọ́ gbẹ. Kò sí ẹranko nínú rẹ̀, kò sí igi, kò sí ènìyàn tí a lè fojú rí. Òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹnu akọ̀wé owó ló fi sọ ọ́. Tiwa tó sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún, mú èrò kan náà jókòó sórí ènìyàn kan tó ní iṣẹ́ àti ọjọ́. Ìdí nìyẹn tó fi wà láàyè lẹ́nu títí dòní. Ohun mìíràn tún wà: òwe ìpamọ́ lára jọ́ọ̀gì ọba tí gbogbo ayé mọ̀ sí anáwó. Bóyá oníṣẹ́ náà fẹ́ kìlọ̀, bóyá kò ronú kàn án. Bó bá jẹ́ ìkìlọ̀ ni, ó yẹ kí ó mú un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni iṣẹ́ ńlá. Àwa náà ní irú rẹ̀: agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Tiwa dẹ́bi fún onídàájọ́, ó sì mú bí abẹ. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìdájọ́, láti inú ọkàn ẹni tó gbọ́ àhesọ tí kò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó ní kí ẹni náà dúró, kí ó sì fi ojú rere dúró. Orí tábìlì gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ, torí ibi tí a ti ń mu ni àhesọ ti ń rìn. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà yí ikùn jọ́ọ̀gì ká, kò sí ibi tí ènìyàn lè dúró sí kí ó ka gbogbo rẹ̀ tán. Jọ́ọ̀gì náà wúwo jù láti yí, òǹkàwé ló gbọ́dọ̀ rìn yí i ká. Ẹni tó bá dúró lójú kan yóò rí ìdajì ọ̀rọ̀, bó bá sì fi ìdajì yẹn ṣèdájọ́, ó ti ṣẹ̀ sí òwe náà kó tó kà á tán. Ìrísí àti ìtumọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀. A kò lè sọ pé òǹrọ náà pète rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tó dára máa ń mọ̀ ju ẹni tó ṣe é lọ nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ohun èlò fàdákà orí tábìlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú èdè mìíràn lò, èdè òǹtẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà ṣáájú jọ́ọ̀gì náà. Òfin 1300 ti ní kí wọ́n tẹ orí ẹkùn sára fàdákà tó bá pé òṣùwọ̀n, èyí tó ní ìdá 925 fàdákà nínú 1,000. Òfin 1363 ní kí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Lẹ́tà ọdún dé ní 1478, kìnnìún tó ń rìn dé ní 1544. Láti 1784 títí di 1890, orí ọba tàbí ayaba tún wà níbẹ̀ láti fi hàn pé wọ́n ti san owó orí. Ní Dublin, tí ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ ọba ní 1637, dùùrù tó dé adé ni òǹtẹ̀ òṣùwọ̀n, wọ́n sì fi àwòrán obìnrin tó jókòó, Hibernia, kún un láti 1730 nítorí owó orí. Èdè yìí yẹ fún ìyìn, nítorí kò purọ́. Ẹni tó bá yí àwo padà tó sì mọ òǹtẹ̀ kà yóò mọ ìlú, ọdún, ọ̀gá àti òṣùwọ̀n láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn alágbẹ̀dẹ Cork ní gúúsù Ireland ló tilẹ̀ wú wa lórí jù. Kò sí ilé àyẹ̀wò ní ìlú wọn, Dublin sì jìnnà, ni wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn tẹ ọ̀rọ̀ STERLING sára iṣẹ́ wọn, tí ó jẹ́ pé orúkọ rere wọn nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ni fàdákà yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ irú ẹni tí òun jẹ́, kò ní nǹkan kan láti sọ fún ẹni tó ń mu. Níwájú, níbi tí òwe ì bá wà, àmì ìdílé olówó ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, tàbí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjì mẹ́ta. Ní 1863, Ayaba Victoria fi ife, àwo, ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí oníwúrà ránṣẹ́ sí Victoria Davies, ọmọ tí Sara Forbes Bonetta bí ní Èkó, tí Ayaba náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyá ìrìbọmi rẹ̀. Ìfẹ́ wà nínú ẹ̀bùn náà, kò sì sí àní-àní pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ kò ju orúkọ ẹni tó fún un, orúkọ ẹni tó gbà á, àti ọdún. Ìyá ọmọ yìí ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn nígbà ogun Dahomey, tí Ọba Ghezo sì fà lé Forbes, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ ní 1850. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí gbólóhùn kan tó lè tẹ̀ lé e dàgbà.

Ìwà yìí kò jìnnà sí wa ní Ìbàdàn. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní Bódìjà àti ní àwọn ilé àgbà tó wà lójú ọ̀nà Ring Road, tíréè àti ìkòkò tíì wà níbẹ̀ láti ayé ìgbà tí Kingsway ń tajà ní Dùgbẹ̀, láti ayé ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ University College ń wọ gáùn lọ jẹun alẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé ń pe gbogbo rẹ̀ ní fàdákà. Bí wọ́n bá yí i padà, tí wọ́n sì rí E.P.N.S. lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin yẹn ti jẹ́wọ́ fún wọn: irin mìíràn ló wà nínú, fàdákà ni wọ́n fi iná mànàmáná pa á lára, ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ Elkington ní Birmingham gba àṣẹ rẹ̀ ní 1840. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ènìyàn ní i. Ẹni tó bá tà á ní owó fàdákà ló jẹ̀bi, ẹni tó rà á láìyí i padà náà kò sì rí ẹnì kan bá wí.

Èyí tó dùn wá jù ni àwọn tíréè, ife àti abọ́ tí a ń pín níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Agbowó àti Dùgbẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Orúkọ òkú, fọ́tò rẹ̀, ọjọ́ ayẹyẹ, orúkọ ọmọ tó ṣe é: ó parí. Àwa tí òwe wa pọ̀ tó báyìí, tí ìyá àgbà tí a ń sin fúnra rẹ̀ ti lè pa òwe tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn, a ń fi ohun èlò tí yóò wà nílé ènìyàn fún ogún ọdún ránṣẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ kankan rán an. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò jẹ̀bi, torí ohun tí a gbé fún un ló tẹ̀. Àwọn ará ilé ni kò jókòó ronú gbólóhùn kan. Bí òǹrọ-idẹ ayé Richard Kejì bá lè wá àyè fún òwe méjì lára jọ́ọ̀gì kan, a kò rí ìdí tí tíréè tó fẹ̀ tó báyìí kò fi ní gba ẹyọ kan.

Ní ti iṣẹ́ tí jọ́ọ̀gì náà wá ṣe láyé, a gbọ́dọ̀ lọ sí Kumasi, olú ìlú àwọn Àṣáńtì. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti rọ ọ́ kí ìjọba Àṣáńtì tó fìdí múlẹ̀ ní nǹkan bí 1701. Yálà aṣálẹ̀ Sàhárà ló gbà, yálà ojú òkun, àwọn tó gbà á kò sọ ọ́ di ohun tí a ń fi bu ọtí. Fọ́tò tí wọ́n yà ní àgbàlá ààfin ní nǹkan bí 1884 fi hàn pé abẹ́ igi ni wọ́n gbé e sí, níbi tí a ti ń bọlá fún ohun tó ju ènìyàn lọ. A gbà pé ìlò yìí bá a mu ju tàkọ́kọ́ lọ. Ìwúwo tó jẹ́ àléébù lórí tábìlì di ẹ̀tọ́ ní ojúbọ, torí ohun tó wà ní ojúbọ kò yẹ kí ó rọrùn láti gbé kiri. Àwọn ọba Àṣáńtì kì í sì í ṣe òpè nínú àkójọ. Nínú ilé olókùúta tí Ọba Osei Bonsu kọ́ parí ní 1822, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Wolseley ṣaájú bá àwo fàdákà, aago, ìwé àti kápẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí wọ́n wọ ìlú náà ní oṣù kejì 1874. Wọ́n kó èyí tí wọ́n lè kó, wọ́n sì fi ẹ̀tù wó ilé náà. Lára wúrà tí wọ́n kó ni ilé Garrard, alágbẹ̀dẹ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, rà.

Ní oṣù kìíní 1896 ni wọ́n tún dé. Wọ́n ní Ọba Prempeh Kìíní kò san 50,000 ọ́ńsì wúrà tí wọ́n bù lé ìjọba rẹ̀ lórí lẹ́yìn ogun 1874. Wọ́n mú un, wọ́n mú ìyá rẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí ìgbèkùn, kò sì padà wá títí di 1924. Jọ́ọ̀gì náà bọ́ sọ́wọ́ wọn nínú ìkógun yẹn. Nínú gbogbo àwọn tó ti ni ín láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn wọ̀nyí ni èdè ara rẹ̀ jẹ́ èdè ìyá wọn. Lẹ́tà náà tóbi tó. Wọ́n lè ka ibi tó ní kí wọ́n ro rere títí òtítọ́ yóò fi jáde, wọ́n sì gbé e lọ láìdá ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ kankan. Àwọn Àṣáńtì tí kò ka lẹ́tà yẹn bọlá fún un ju àwọn tó kà á lọ.

Nítorí náà a ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ yìí hàn. Láàárín àwọn nǹkan Yúróòpù ayé àtijọ́ ni British Museum tò ó sí, ó sì tọ́ bí a bá ń wo ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n fi ń han àwọn ènìyàn, torí pé ìgbà tó lò ní ilẹ̀ Àṣáńtì ló pa á mọ́, tó sì fún un ní ìlò tó yẹ ẹ́. Ní 2024, Fowler Museum ní Los Angeles dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé méje padà fún Àṣáńtì, British Museum àti Victoria and Albert Museum sì yá Ààfin Manhyia ní Kumasi ní 32. Ẹnu ọ̀nà ti ṣí. A rò pé ó yẹ kí jọ́ọ̀gì yìí tẹ̀ lé wọn, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ará Kumasi lè rìn yí i ká fúnra wọn kí wọ́n sì gbọ́ ìtumọ̀ òwe méjèèjì ní èdè Twi. Fọ́tò ààfin náà ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ kò nílò láti wá ibi tí yóò gbé e sí.